Ọ̀pá Bàbá Àgbà Tí Wọ́n Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà gba ojú mi lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, títí di òní olónìí, ẹnikẹ́ni kò dá a padà fún mi.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, mo sì ń ṣa ọ̀rọ̀ mi. Mi ò sọ pé ó yá a lò. Mi ò sọ pé ó sọnù. Mo ní ó gbà á. Ojú tí mò ń wí yìí, ọ̀pá funfun ni, irú èyí tí àwa tí a kò ríran fi ń wá ọ̀nà. Ó gùn dé àyà mi nígbà náà, ó fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ, ó ṣeé ká bí ẹní, orí róbótó kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń sọ fún ọwọ́ mi bóyá orí sìmẹ́ǹtì ni mo wà tàbí orí yanrìn, bóyá gọ́tà ló kù síwájú tàbí ewúrẹ́ tó sùn sójú ọ̀nà. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́. Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Irun orí mi ti ń funfun, àwọn ọmọ mi ló sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹni kì í di ti ẹni tó gbà á nítorí pé ó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàwé dé yunifásítì, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń to ẹ̀sùn kí ó má baà wó, mo sì ń to tèmi báyìí lórí fóònù tó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá tẹ̀ padà sí mi létí. Ẹni tó bá sì rò pé ẹkún ni mo fẹ́ sun, ó ti ṣìnà. Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ni mo rẹ́rìn-ín jù láyé mi. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn: ẹni tó da ẹrẹ̀ sínú omi tó mọ́ kedere, òun ló ṣẹ̀ jù.

Agboolé wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn ọjà lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Àìsàn kan gbé mi dálẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín. Ara mi yá, ojú mi kò bá a yá. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló kù fún mi, bí ìgbà tí ènìyàn ń bọ́ ẹ̀wù, tí ẹ̀wù náà há sí i lórí, tó wá ń wo oòrùn láti inú aṣọ. Ṣùgbọ́n ilé wa kì í ṣe ilé tí ènìyàn lè sọnù sí, nítorí kò sí ohun tó mọ bí a ṣe ń dákẹ́ nínú rẹ̀. Iye, ìyá bàbá mi, a máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì, sálúbàtà rẹ̀ á máa sọ pé tá-fùú, tá-fùú, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ìwọ ti ju àkàrà tí o jí mu sẹ́nu, o ti gbé e mì. Bàbá Sùlé, àbúrò Iye tó wá láti Ìyàrà tí kò padà mọ́, ní búútà tó fi ń ṣe àlùwàlá. Omi rẹ̀ ló ń jí àwọn adìyẹ. Kí omi yẹn tó gbẹ nílẹ̀, Bàbá àgbà, bàbá bàbá mi, á ti máa lu agogo kékeré fún àdúrà òwúrọ̀ tàwa ọmọ ìjọ. Wọn kì í jà lórí Ọlọ́run, àwọn méjèèjì. Lórí ẹni tó kọ́kọ́ jí ni wọ́n máa ń jà. Ní ìgbà kajú, èso á máa já lu páànù, gbì, gbì, kí àwọn ọmọdé tó dé ibẹ̀ èmi ti mọ igun tí ó bọ́ sí. Tí Màmá mi bá ń gúnyán, mo mọ ìgbà tí yóò jinná láti inú yàrá. Bí iṣu bá ṣì jẹ́ iṣu, ohùn odó á gbẹ; bí ó bá ti ń di iyán, ohùn náà á rọ̀, odó á wá máa fa ọmọ odó mọ́ra bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ. Bọ̀dá Sámù, àbúrò bàbá mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ló fi tirẹ̀ kún un. Ó so ìdérí ìgò mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó so ṣíbí mọ́ ti yàrá Iye, ó wá so agogo kẹ̀kẹ́ mọ́ ti ilé ìgbẹ́. Ti ilé ìgbẹ́ yìí dá ìjà sílẹ̀, nítorí láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo agboolé ló ń mọ ẹni tó wọlé àti bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. "Sámù," ni Iye ń pariwo, "ṣé torí ọmọ yìí ni o so ó, àbí torí tèmi?" Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo gbọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ gígùn pe irú iṣẹ́ báyẹn. Nílé wa, kò ní orúkọ. Ó kàn jẹ́ pé ọmọ kan wà nínú ilé tí kò ríran, ilé sì fi ohùn sí i lára.

Ìṣòro tiwa kò sí nínú ilé. Ìta ni ó wà. Bọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló ń fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹran inú ọbẹ̀ mi ni owó ọkọ̀ rẹ̀. Bí a bá jókòó ti iyán lálẹ́, á rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Ọ̀la ńkọ́? Ṣé wàá lọ, àbí wàá dúró?"

"Màá lọ."

"Ó dáa. Sún ẹran yẹn síbí."

Mo jẹ iyán òun ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lásán fún àkókò tó pọ̀ débi pé mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. Ṣùgbọ́n Bọ́lá ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ponyan, níbi tí ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ni. Bí sáà bá ti yí, ó ń lọ nìyẹn. Màmá mi sọ ọ́ fún mi níjọ́ kan tó ń di irun mi. "Tí Bọ́lá bá lọ, wàá jókòó sílé ná." Mo mọ "ná" yẹn. Obìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí kò ríran, "jókòó ná" ni wọ́n sọ fún un ní kékeré, orí ìjókòó yẹn náà ló darúgbó sí. Etí ni mo fi ń kàwé nígbà náà, mo sì ń gba ipò kìíní. Mi ò fẹ́ jókòó.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Délé ṣe wọ ilé wa. Òun fúnra rẹ̀ kò ríran. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ bíi tèmi ní Lọ́kọ́ja, ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún un nípa mi, ló bá wọ bọ́ọ̀sì, ó gun ọ̀kadà, ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ó sì bèèrè lọ́wọ́ Bọ̀dá Sámù pé ta ló ń sun róbà. Ohùn rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín tán. Ó yọ nǹkan kan nínú àpò, ó jù ú sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, nǹkan náà sì to ara rẹ̀: kà-kà-kà-kà. Ó fi lé mi lọ́wọ́. "Mú u bí ẹni tó mú ṣíbí, má mú u bí ẹni fẹ́ pa ejò. Nà án síwájú. Ẹsẹ̀ òsì lọ, ọ̀pá lọ sí ọ̀tún. Ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ọ̀pá lọ sí òsì. Ohun tó bá wà níwájú, jẹ́ kí ó kọ́kọ́ pàdé ọ̀pá." Mo rìn. Mo rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí odó, ọ̀pá kan odó, mo yà. Ẹnikẹ́ni kò fà mí. Mo padà, mo tún un ṣe. Mo gbọ́ tí Màmá mi mí sókè, bí ẹni tó gbé ẹrù wúwo sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbà náà ni Iye fi igbe ta. "Gbé e sílẹ̀! Gbé e sílẹ̀ kíákíá! Bàbá rẹ ṣì wà láyé!"

Kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè mọ̀, mo gbọ́dọ̀ là á. Ní agboolé wa, ọ̀pá ìtìlẹ̀ kì í ṣe ohun eré. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ṣì ń mí kì í fi ọ̀pá rìn níwájú rẹ̀, bí orúnkún ti wù kó dùn ún tó. Bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja, ti fara pa ní ẹsẹ̀ rí, tí dókítà fún un ní ọ̀pá. Bí ó bá ti dé ẹnu ọ̀nà wa, á jù ú sínú koríko, á máa tiro wọlé wá kí bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá níwájú àgbà ń sọ fún un pé àyè rẹ ti tó, dìde. Èmi wá rèé, ọmọbìnrin tí kò tíì ga tó àga, mo ń kan ọ̀pá mọ́lẹ̀ níwájú Bàbá àgbà, tó jẹ́ olórí gbogbo wa.

"Bàbá," ni Tíṣà Délé sọ, "ẹ má bínú. Ojú ni o, kì í ṣe ọ̀pá."

Bàbá àgbà gbà á lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ wò. "Ojú tí a bá fi igi ṣe, igi ni. Ṣùgbọ́n mo rí bí ó ṣe rìn." Ó dá a padà fún Tíṣà. "Ẹ jẹ́ ká pé jọ."

Wọ́n pé jọ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn bàbá agboolé wa, lábẹ́ igi kajú, Màmá mi sì gúnyán fún wọn nítorí a kì í fi ebi dájọ́. Èmi jókòó lẹ́yìn Iye, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bọ̀dá Sámù ló kọ́kọ́ mú àbá wá. "Ẹ jẹ́ kí n fi ayùn gé e. Tí kò bá ga ju orúnkún lọ, ta ni yóò pè é ní ọ̀pá àgbà?"

"Ẹni tó bá gé e," ni Tíṣà Délé dáhùn, "kó gé ẹsẹ̀ mi mọ́ ọn!"

Bàbá kan ní ká máa pè é ní orógùn. Iye bú sẹ́rìn-ín. "Orógùn tí wọn yóò fi ro kí ni? Títì?" Ẹlòmíràn ní ká so aṣọ mọ́ ọn, kó dà bí ọmọláńgidi. Wọ́n jẹ iyán tán, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Nígbà náà ni Bàbá Sùlé, tí kò tíì sọ nǹkan kan, bọ ọwọ́ rẹ̀ sínú omi, ó ní, "Tí n bá rán ọmọ níṣẹ́, tí mo gbé ọ̀pá mi lé e lọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo rán an, ọ̀pá ta ni ọmọ gbé?"

"Ọ̀pá rẹ ni," ni Bàbá àgbà dáhùn.

"Ṣé ọmọ yẹn ti rí mi fín?"

"Ó jíṣẹ́ rẹ ni."

"Ó tán nìyẹn. Ẹ fún mi ní omi mu."

Bí wọ́n ṣe tú u nìyẹn. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n fi ọ̀pá funfun náà fún Bàbá àgbà, ó sì di tirẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Tíṣà Délé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàníyàn. "Bàbá, ṣé ẹ ò ní máa fi rìn ṣá?" Bàbá àgbà ní, "Kí ni n ó fi igi tó ń ká bí ejò ṣe? Mo ní tèmi." Igi ayin ni tirẹ̀, ó ti dán nítorí ọwọ́. Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò sí òwúrọ̀ kan tí mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Iṣẹ́ ni Bàbá àgbà ń rán mi. Màá kúnlẹ̀ níwájú àga rẹ̀, màá kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa.

"Okun o, Bàbá."

"Okun, ìyá mi. Gba ọ̀pá mi. Bá mi lọ wo ilé ẹ̀kọ́ yẹn bóyá ó ṣì wà níbi tí wọ́n kọ́ ọ sí."

Bí mo bá dé lọ́sàn-án, màá tún kúnlẹ̀. "Bàbá, ó ṣì wà níbẹ̀."

"Káàbọ̀. Kí lo rí lọ́nà?"

Mo gbọ́dọ̀ ròyìn, nítorí ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í dákẹ́. Mo sọ fún un pé ìyá alákàrà ti pààrọ̀ òróró, èyí tó wà níbẹ̀ lánàá ti ń rùn. Mo sọ pé wọ́n da òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé agbẹjọ́rò, ó jọ pé wọ́n fẹ́ kọ́lé. Mo sọ pé pákó kan lórí gọ́tà níwájú ọjà ti rà, ọ̀pá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Bàbá àgbà rán Bọ̀dá Sámù lọ pẹ̀lú ìṣó. Orúnkún kò jẹ́ kí bàbá náà jìnnà sílé mọ́, ẹ̀yin náà ẹ wò ó: èmi tí mi ò ríran ni mo wá ń rí Kàbà fún un. Nígbà míì Bàbá Sùlé á sún àga rẹ̀ wá láti gbọ́. "Ṣé lóòótọ́ ni ìyá alákàrà pààrọ̀ òróró?" "Lóòótọ́ ni, Bàbá." "Ọ̀la, kí ẹ rà á fún mi."

Tíṣà Délé ti kọ́ mi lọ́nà yẹn títí ẹsẹ̀ mi fi mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dá nìkan lọ, wọ́n ní kí Bọ́lá máa tẹ̀ lé mi lẹ́yìn láìsọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tú u fó nígbà tí mo kí òpó iná mànàmáná káàárọ̀. "Tíṣà yìí ti gba ẹran lẹ́nu mi," ló ń wí lálẹ́, bí mo ti ń jẹ ẹran tèmi, tí mò ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ariwo. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ mí ní Ọlọ́pàá. "Ọlọ́pàá ti ń bọ̀ o! Ẹ sá!" Èmi náà á dúró láàárín ọ̀nà, màá na ọ̀pá: "Dúró síbẹ̀! Ìwé ọkọ̀ rẹ dà?" Àní, àwọn ọlọ́kadà gan-an ń dúró fún mi. Mo mọ adùn láyé. Mo ti bímọ, mo ti gba oyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n adùn kí ènìyàn dá nìkan la ọjà Kàbà kọjá, kí ó sì débi tó ń lọ, mi ò tíì rí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní àárín sáà náà ni Hẹdimásítà tuntun dé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó mọ ara rẹ̀. Ó rí mi lórí ìlà.

"Kí lo mú lọ́wọ́ yẹn?"

"Ọ̀pá Bàbá àgbà mi ni, sà."

"Akẹ́kọ̀ọ́ kì í mú ọ̀pá wọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Ohun ìjà nìyẹn."

"Sà, mi ò ríran."

"Ṣé ọ̀pá ló máa bá ọ rí i? Ọmọ tí nǹkan bá ń ṣe, kí ẹnìkan máa fà á lọ́wọ́."

Ẹ jẹ́ kí n pín ẹ̀ṣẹ̀ yìí sí wẹ́wẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ràn láti dì í pọ̀ kí ó lè kéré. Ó pe ọ̀pá ní ohun ìjà láìbèèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Ó fà á yọ nígbà tí mi ò tíì tú ọwọ́. Ó fipá ká a sí ibi tí kì í ká sí, mo gbọ́ tí oríkèé kan ké kà. Ó gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì rẹ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó wá fi mí sílẹ̀ lójú agbo, kò sọ fún mi ibi tí ẹnu ọ̀nà kíláàsì wà. Máígádì ló fà mí délé lọ́sàn-án yẹn.

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà níbẹ̀."

"Ọ̀pá mi ńkọ́?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

Mo rò pé yóò bínú. Ẹ̀rín ló wà nínú ohùn rẹ̀. "Ó dáa. Bóyá kò mọ̀ pé èmi ni mo ni ín." Lọ́jọ́ kejì, ó fún mi ní ọ̀pá ayin rẹ̀ gan-an. Hẹdimásítà gbà á. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, Iye yọ ọmọ odó, ó ní kí n máa kàn án nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ mi má baà fọ́. Wọ́n gbọ́ mi láti ìdajì ọ̀nà, gbì, gbì, bí ẹni tó ń gúnyán bọ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́. Hẹdimásítà gbà á, nítorí ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó ti ká a mọ́. Ó gba ẹ̀rúkọ́. Ó gba agbòjò Bàbá Sùlé. Lọ́jọ́ tí Bọ̀dá Sámù fún mi ní igi gígùn tí wọ́n fi ń já kajú, igi náà kò gba ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọlé; àwọn ọmọ dúró sí fèrèsé, wọ́n ń wò ó bí Hẹdimásítà ti ń dorí rẹ̀ kọ ọ̀tún, kọ òsì, wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ròyìn bọ́ọ̀lù. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ṣeé tì mọ́.

Màmá mi ló fòpin sí eré. "Bàbá, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀fẹ̀ yìí, ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi gúnyán?" A ti ń jẹ ìrẹsì láti ìgbà tí ọmọ odó ti lọ. Sáà sì ń parí lọ, Bọ́lá ti ń di ẹrù, bí ọ̀rọ̀ náà bá kọjá sáà yẹn láìyanjú, "ná" ti Màmá mi yóò ṣẹ. Bàbá àgbà ní kí wọ́n lọ pe àwọn ẹgbẹ́ òun.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn bàbá agboolé wa ló gbéra, oníkálùkù pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Bàbá àgbà nìkan ni kò ní. Èjìká Bàbá Sùlé ló dì mú. Èmi di ìró Iye mú, a tẹ̀ lé wọn. Wọ́n rìn títí oòrùn fi mú.

"Okun o, Hẹdimásítà."

"Okun, ẹ̀yin bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. A gbọ́ pé ẹ ń kó ọ̀pá jọ," ni Bàbá àgbà wí. "A kó tiwa wá kún un." Mo gbọ́ wọn lórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn: kọ̀, kọ̀, kọ̀.

"Háà, Bàbá! Kì í ṣe tiyín ni mo wí."

"Ti ta ni ẹ wí? Èyí tí ẹ kọ́kọ́ gbà, tèmi ni. Ọmọ yìí kò ní ọ̀pá kankan. Iṣẹ́ ni mo rán an. Ẹ ti gba tèmi, ẹ wá fẹ́ fi ti ẹgbẹ́ mi sílẹ̀? Ẹ má ṣe ojúsàájú."

Wọ́n jókòó. Wọ́n ní àwọn ò bínú. Wọ́n ń bá àwọn tíṣà sọ̀rọ̀ oko, wọ́n ń bèèrè àwọn ìdílé wọn. Nígbà tí agogo ìparí lù, Bàbá àgbà na ọwọ́ síwájú. "Ó yá, Hẹdimásítà, ẹ fà mí lọ sílé. Òfin yín ni pé kí ẹnìkan máa fa ẹni tí kò lè dá rìn. Àwa ò lè dá rìn mọ́."

Bí àwọn tíṣà ṣe pín àwọn bàbá náà láàárín ara wọn nìyẹn, tí wọ́n fà wọ́n la ọjà kọjá. Hẹdimásítà ló fa Bàbá àgbà, Bàbá àgbà kò sì fún un nísinmi. "Ẹ ń yára jù. Ẹ ò sọ fún mi pé òkúta wà níbẹ̀! Háà, ṣé ewúrẹ́ ọdún ni mí tí ẹ fi ń wọ́ mi? Ẹ dúró, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí." Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè. Ìyá alákàrà ń ké pé, "Hẹdimásítà, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé wọ́n ti fi yín ṣe ọmọ-ọmọ ni?" Iye rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí mo ní láti dúró dè é. Nígbà tí a délé, Hẹdimásítà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Bàbá, ó ti yé mi," ló wí. Bàbá àgbà ní kí wọ́n fún un ní omi.

Lọ́jọ́ kejì, máígádì ti bárò wọ agboolé wa, gbogbo igi wa ló wà nínú rẹ̀: ayin, ẹ̀rúkọ́, agbòjò, igi kajú, ti àwọn bàbá. Màmá mi gbá ọmọ odó mọ́ra, kí oòrùn tó wọ̀ a ti jẹ iyán. Ṣùgbọ́n ọ̀pá funfun kò sí nínú bárò. Hẹdimásítà ní òun ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ láti ọjọ́ kìíní, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ohun ìjà tí òun gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Kò dí mi lọ́wọ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bọ̀dá Sámù gé ayin tuntun, ó fi ọ̀dà tó ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀ṣì kùn ún ní funfun, Bọ́lá lọ sí Ponyan, èmi kò jókòó sílé. A yọ̀, ayọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ayin wúwo. Kì í sọ̀rọ̀ fún ọwọ́ bí ọ̀pá yẹn ti ń sọ. Mo bọ́ sí gọ́tà tí ọ̀pá funfun ì bá ti kì mí nílọ̀ nípa rẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi ọ̀tún sì ń ro mí títí di òní bí òjò bá ṣú. Tíṣà Délé, nígbà tó gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá tirẹ̀ kejì ni ó fún mi. Ọ̀kan ṣoṣo tó ń fi rìn ló kù sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí mo jáde yunifásítì, mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ́fíìsì náà. Tábìlì kan tì mí sí tábìlì kejì. Ọ̀kan ní ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan ní stóò ti jóná. Ẹni tó jókòó tì í ní stóò kankan kò jóná rí. Ẹ̀kẹrin ní, "Ìyá, ọ̀pá lásán!" Bàbá àgbà ti lọ, Bàbá Sùlé ti lọ, mo ti ra ọ̀pá mìíràn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Àfìgbà tí ọmọbìnrin kan pè mí láti Ògìdì ní sáà tó kọjá yìí. Kò ríran. Ó ní fóònù kan tó ń ka ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún un nínú kíláàsì. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà á, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kì í mú fóònù wá, ó tún fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan náà. Ọmọ náà ṣàlàyé. Wọn ò gbọ́. Ó ti wà nílé láti ìgbà náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, mo ń bi yín, mo sì ń bi yín ní gbangba. Ta ló gba ọ̀pá náà wọlé lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín, ibo ló sì gbé e sí? Òfin wo ló pè é ní ohun ìjà? Ta ló wo fóònù ọmọ Ògìdì yìí, tó gbọ́ tí ó ń ka ìwé, tó sì tún tì í mọ́lé? Ẹ̀yin Hẹdimásítà, tí ẹ ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣé ẹ bèèrè ọ̀pá yẹn lọ́wọ́ wọn rí, àbí ẹ kàn sọ pé ó ti yé yín? Mi ò fẹ́ kí ẹ bẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ ọ̀pá tuntun. Orúkọ ẹni tó ṣe é ni mo fẹ́, àti ìdáhùn tí ó fọwọ́ sí, kí sáà tuntun tó wọlé, kí fóònù ọmọ náà sì ṣáájú ìdáhùn yẹn délé. Ọmọ yẹn ní ibi tó ń lọ, ẹ̀yin lẹ dúró sójú ọ̀nà.